Ṣé Anna Freud ló ní kí ìyá má gbé ọmọ fún ìyá àgbà tọ́?

Ìyá kan tí ó ń gbé ní ìlú Manchester kọ̀wé sí mi báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún méjì ó lé oṣù méjì. Mo ti rí àyè wọlé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ọlọ́dún mẹ́ta, iṣẹ́ alẹ́ ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, owó nọ́sìrì sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé tí à ń san. Ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní kí n gbé ọmọ wá, pé òun yóò bá mi tọ́ ọ títí n ó fi parí ẹ̀kọ́. Ó ku díẹ̀ kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì ni olùkọ́ wa kan ní kíláàsì ìtọ́jú ọmọdé sọ pé obìnrin kan tí ń jẹ́ Anna Freud ti fi hàn nígbà ogun pé kí bọ́ǹbù máa já lé ọmọ lórí sàn ju kí á mú un kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú mi. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi ni èmi náà dàgbà sí, n kò sì rò pé mo bàjẹ́. Ọkọ mi ní obìnrin náà kò tilẹ̀ bímọ rí, kí ló mọ̀? Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ó sọ gan-an? Ṣé kí n gbé ọmọ mi lọ, àbí kí n má gbé e lọ?”

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ ọ́ bí ó ti rí lọ́kàn yín. Bí mo ti kà á, ọ̀rọ̀ méjì ni ó lọ́ mọ́ra nínú lẹ́tà yín. Èkíní ni ohun tí Anna Freud sọ. Èkejì ni ìbẹ̀rù pé bóyá ọwọ́ tí ó tọ́ ẹ̀yin gan-an kò dára tó. N kò fẹ́ kí èkejì fara pamọ́ sẹ́yìn èkíní, nítorí mo fura pé òun ni ó gba oorun lójú yín. Mo bá àwọn ọmọdé àti òbí wọn ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọdún 26 kí n tó fẹ̀yìn tì, ìwé obìnrin yìí sì wà lára èyí tí wọ́n fi kọ́ wa níṣẹ́. Mo tún ní ìdí tèmi tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí, n ó sì dé ibẹ̀. Olùkọ́ yín kò purọ́. Ó kàn gé ọ̀rọ̀ náà kúrú débi pé ó di ọ̀rọ̀ mìíràn ni.

Ohun tí Anna Freud àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Dorothy Burlingham kọ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni pé bọ́ǹbù fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ da ọkàn ọmọ kékeré rú, bí ìyá tàbí ẹni tí ó mọ̀ dáadáa bá wà pẹ̀lú rẹ̀ tí ara onítọ̀hún sì balẹ̀. Ìgbà tí ogun bá tú ilé ká, tí ó sì ya ọmọ kúrò lára ẹni tí ó rọ̀ mọ́, ni ogun tó di ogun lójú ọmọ. Ìdajì ọ̀rọ̀ nìyẹn, òun sì ni ẹ gbọ́ ní kíláàsì. Ìdajì kejì, tí àwọn ènìyàn kì í sábà dé, ni pé ìpínyà fúnra rẹ̀ kì í pa ọmọ lára tó bí ọ̀nà tí a gbà ṣe é. Ọmọ tí a já gbà lójijì, tí a gbé fún àlejò láàárín ọjọ́ kan, ni ó ń ṣe bí ẹni tí ilẹ̀ yẹ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀. Bí a bá ṣe é díẹ̀díẹ̀, tí ọmọ ti mọ ẹni tí yóò gbà á kí ẹni tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ tó kúrò níbẹ̀, ìfẹ́ ọmọ lè ṣí lọ láti ara ẹnìkan sí ara ẹlòmíràn láìsí pé nǹkan fọ́ nínú rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé kò sọ níbì kan pé ẹni tí ó bí ọmọ nìkan ni ó lè tọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà. Òótọ́ ni ọkọ yín sọ, Anna Freud kò lọ́kọ, kò sì bímọ. Ìlú Vienna, ní orílẹ̀-èdè Austria, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1895. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́fà tí Martha bí fún Sigmund Freud, ọkùnrin tí ó dá ìmọ̀ ìtúpalẹ̀ ọkàn (psychoanalysis) sílẹ̀, èyí tí ènìyàn fi ń rọ́ èrò àti àlá rẹ̀ fún oníṣègùn kí wọ́n lè jọ wá ìdí ohun tí ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọwọ́ obìnrin olùtọ́jú ọmọ kan tí ń jẹ́ Josefine ni ó wà ní kékeré, Josefine yìí ni ó sì fẹ́ràn jù, òun ni ó ń kà sí ìyá lọ́kàn rẹ̀ nígbà tí ìyá tí ó bí i wà nínú ilé kan náà. Ẹni tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà yín yìí, ọwọ́ ẹni tí kì í ṣe ìyá rẹ̀ ni ó tọ́ ọ, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì kà á sí àbùkù. Nígbà tí ó dàgbà, ó ṣe olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Vienna fún ọdún mélòó kan kí ó tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1920, ojú olùkọ́ yẹn kò sì kúrò lójú rẹ̀ títí ayé. Bàbá rẹ̀ gan-an ni ó tú ọkàn rẹ̀ palẹ̀ fún un, láti 1918 lọ, gẹ́gẹ́ bí ara ọ̀nà tí ó gbà kọ́ṣẹ́. Kò sí ẹni tí yóò gba irú èyí láyè lónìí, èmi náà kò sì lè gbè é lẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ bàbá ẹni ni à ń rọ́ àlá fún lójoojúmọ́, níbo ni a ó ti ráyè bínú sí bàbá?

Ohun tí ó mú un yàtọ̀ ni ojú tí ó fi wo ọmọ tí wọ́n bá mú wá síwájú rẹ̀. Àgbàlagbà tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ a máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Ní ti ọmọdé, òbí ni ó ń mú un wá, ó lè má mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe òun, àwọn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn sì wà nínú ilé tí yóò padà sí lálẹ́. Nítorí náà, nínú ìwé kan tí ó gbé jáde ní 1927, ó ní ẹni tí yóò wo ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di ẹni tí ó wúlò fún ọmọ náà. Ó bá ọmọkùnrin kan tẹ lẹ́tà lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Nígbà tí ó ń wo ọmọbìnrin kan, ó jókòó tì í, ó ń hun aṣọ títí gbogbo bèbí àti ẹranko ìṣeré ọmọ náà fi rí aṣọ wọ̀. Melanie Klein, obìnrin onímọ̀ ìtúpalẹ̀ ọkàn mìíràn tí ó ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, kò fara mọ́ ọn. Lójú tirẹ̀, eré ọmọdé ti tó ọ̀rọ̀ ẹnu àgbàlagbà, a sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní láìsí pé à ń hun aṣọ fún bèbí. Ìjà àwọn obìnrin méjèèjì yìí pẹ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ náà ní Ìlú Ọba nígbà ogun. Kò kan ìbéèrè yín, mo sì ti bá àwọn tí ó wà níhà méjèèjì jẹun rí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fò ó.

Èyí tí ó kàn yín ni ohun tí ó kọ ní 1936 nípa bí ọmọ ṣe ń dáàbò bo ọkàn ara rẹ̀. Ó sọ nípa ọmọbìnrin kan tí kò lè gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá nínú òkùnkùn nítorí ó ń bẹ̀rù iwin. Lójijì ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n bí ó ti ń sáré lọ ni ó ń fi ọwọ́ àti ara ṣe àrà tí kò yé ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ó yá, ó tú àṣírí náà fún àbúrò rẹ̀ ọkùnrin: kò sí ìdí láti bẹ̀rù, ṣáà máa ṣe bí ẹni pé ìwọ gan-an ni iwin tí ó lè pàdé rẹ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí ọmọ tí ó sá fún egúngún láàárọ̀, tí ó sì da ìró ìyá rẹ̀ borí lálẹ́ tí ó ń lé àwọn àbúrò rẹ̀ kiri ilé, mọ ohun tí ó ń sọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé a kò lè fi ẹkún nìkan mọ ohun tí ń ṣe ọmọ. Bí ẹ bá gbé ọmọ yín lọ tí ìyá yín sì pè yín lọ́jọ́ kẹta pé “kò tilẹ̀ bèèrè yín”, ẹ má tètè dúpẹ́.

Ní 1937, òun àti Burlingham ṣí ilé ìtọ́jú kan ní Vienna fún àwọn ọmọ kéékèèké láti inú àwọn ìdílé tí ó tòṣì jù nínú ìlú, owó obìnrin oníṣègùn kan ará Amẹ́ríkà, Edith Jackson, ni wọ́n sì fi ṣe é. Kò pẹ́ tí àwọn Nazi wọ Austria. Júù ni ìdílé Freud. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1938, àwọn ọlọ́pàá Gestapo mú Anna lọ, wọ́n sì dá a sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní oṣù Kẹfà, ìdílé náà sá dé Lọ́ńdọ̀nù. Bàbá rẹ̀ kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939, nígbà tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mẹ́rin nínú àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n ṣẹ́ kù sẹ́yìn, ni ó kú sọ́wọ́ àwọn Nazi. Nígbà tí ó bá ń kọ̀wé nípa ẹni tí wọ́n já kúrò nílé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ ni ó ń sọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1941, nígbà tí bọ́ǹbù Jámánì ń wó ilé ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ṣí ilé kan ní òpópónà Wedderburn ní Hampstead pẹ̀lú owó àwọn aláàánú láti Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó yá ó di ilé mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn fún àwọn ọmọ-ọwọ́, ọ̀kan ní abúlé kan ní Essex. Bàbá àwọn ọmọ náà wà lójú ogun, ìyá wà lẹ́nu iṣẹ́, ilé àwọn mìíràn sì ti wó. Lójoojúmọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń kọ ohun tí wọ́n bá rí sórí káàdì: ohun tí ọmọ sọ, ẹni tí ó gé jẹ, ìgbà tí ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé lẹ́yìn tí ó ti ṣíwọ́. Òbí lè wá nígbàkígbà tí ó bá ráyè, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn Ìlú Ọba ṣì ń fún òbí ní wákàtí díẹ̀ péré lọ́sẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ gba àwọn ìyá kan síṣẹ́ nínú ilé náà kí wọ́n lè máa fún ọmọ wọn lọ́mú. Ọkùnrin tí ó ń dá iná sí ẹ̀rọ amúlégbóná wọn, James Robertson, kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ débi pé ní 1952 ó gbé fíìmù kan jáde nípa ọmọbìnrin ọlọ́dún méjì kan tí ó wà ní ilé ìwòsàn fún ọjọ́ mẹ́jọ láìsí ìyá rẹ̀, fíìmù yẹn sì wà lára ohun tí ó mú kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù ọmọdé fún àwọn ìyá. Ẹ ó gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì.

Ní àkọ́kọ́, gbogbo òṣìṣẹ́ ni ó ń tọ́jú gbogbo ọmọ. Ó rọrùn, ó sì dà bí ẹni pé ó bá àwọn ọmọ lára mu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pín wọn sí ẹbí-ẹbí, ọmọ bíi mẹ́rin sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ kan tí yóò máa ṣe ìyá wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, ilé dàrú. Àwọn ọmọ tí kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu rí bẹ̀rẹ̀ sí í jowú, wọ́n ń jà, wọ́n ń figbe ta bí ìyá tuntun wọn bá kàn bọ́ síta. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò ní wọ́n ti ba àwọn ọmọ náà jẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan náà ni ọ̀rọ̀ ń yọ lẹ́nu wọn lọ́tun, àwọn kan náà ni ó ń tètè mọ bí a ṣe ń jókòó sórí póò, torí pé wọ́n ti rí ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe é fún.

Ọmọkùnrin kan wà nínú ohun tí òun àti Burlingham kọ nípa àwọn ilé náà, tí wọ́n pè ní Patrick, ọmọ ọdún mẹ́ta ó lé oṣù méjì. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kí ó ṣe ọmọ dáadáa, kí ó má sunkún, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìyá rẹ̀ kò ní í wá wò ó. Kò sunkún. Ó ń sọ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá wojú rẹ̀ pé ìyá òun yóò wá, yóò wọ kóòtù fún òun, yóò sì mú òun lọ sílé. Nígbà tí ó yá ó ń fi kún un: yóò fa síìpù kóòtù náà, yóò sì dé fìlà fún òun. Ó ń wí i títí, láìyí ohùn padà, débi pé ẹnìkan bi í pé ṣé kò lè dákẹ́ ni. Ó dákẹ́. Ètè rẹ̀ nìkan ni ó ń mì. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ ni ó fi ń ṣe é: ó dé fìlà tí kò sí, ó wọ kóòtù tí kò sí, ó fa síìpù. Nígbà tí àwọn ọmọ yòókù ń ṣeré, òun dúró ní igun yàrá, ó ń mi ọwọ́ àti ètè. Mo ti ka ojú ewé yẹn bí ìgbà ogún, n kò tíì kà á rí kí n má gbé ìwé náà sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ rántí rẹ̀ nígbà tí ẹ bá gbọ́ kí ẹnìkan máa sọ fún ọmọ yín pé ọkùnrin kì í sunkún.

Lẹ́yìn ogun, wọ́n kó àwọn ọmọ Júù mẹ́fà kan wá sí Ìlú Ọba láti Terezín, àgọ́ tí àwọn Nazi ń kó àwọn Júù sí, ọmọ bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, tí wọ́n ti di aláìlóbìí láti ọmọ-ọwọ́. Nínú àgọ́, láti ọwọ́ kan sí òmíràn ni wọ́n ń gbà kọjá, kò sí ẹnìkan tí ó dúró tì wọ́n. Ilé kan tí ń jẹ́ Bulldogs Bank ní Sussex ni wọ́n fi wọ́n sí, lọ́dọ̀ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì, Sophie àti Gertrud Dann, Anna Freud sì ń tọ́ wọn sọ́nà. Àwọn ọmọ náà fọ́ ohun ìṣeré, wọ́n ń gé àgbàlagbà jẹ, wọ́n ń tutọ́ sí wọn lára. Láàárín ara wọn ńkọ́? Ẹni tí ó bá rí oúnjẹ gbà yóò kọ́kọ́ wò bóyá èkejì ti rí tirẹ̀, wọn kò sì gbà kí wọ́n ya ọ̀kan kúrò lára ìyókù, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìwé tí Anna Freud àti Sophie Dann kọ nípa wọn jáde ní 1951. Fún èmi, òun ni ó parí àríyànjiyàn nípa ẹ̀jẹ̀. Níbi tí kò ti sí ìyá, tí kò ti sí àgbà kan tí ó dúró, àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta rọ̀ mọ́ ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta bíi tiwọn.

Ní 1973, òun àti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì láti Yale, Joseph Goldstein àti Albert Solnit, kọ ìwé kan tí ó dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ adájọ́. Wọ́n ní ẹni tí ó jẹ́ òbí lọ́kàn ọmọ ni ẹni tí ó ń bá a gbé lójoojúmọ́, tí ó ń bọ́ ọ, tí ó ń tù ú nínú, yálà òun ni ó bí i tàbí òun kọ́. Wọ́n sì ní kí ilé-ẹjọ́ máa fi ojú ọmọ wo àkókò, nítorí pé oṣù mẹ́ta àgbàlagbà kì í ṣe oṣù mẹ́ta ọmọ ọlọ́dún méjì. Mo gba èyí tọwọ́tẹsẹ̀. Ibi tí n kò ti bá wọn lọ ni ibi tí wọ́n ti ní bí òbí bá pínyà, ẹni tí ọmọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ni yóò pinnu bóyá ẹnìkejì lè máa wá wo ọmọ tàbí kò lè máa wá. Wọ́n rò pé ìyẹn yóò fi ọkàn ọmọ balẹ̀. Àwọn ọmọ tí mo bá ṣiṣẹ́ kò fi hàn mí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ní Ìlú Ọba ju bí a ti ń sọ ọ́ lọ. Láti nǹkan bí ọdún 1955, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà, àwọn Yorùbá pọ̀ nínú wọn, ni ó ń fi ìpolówó inú ìwé ìròyìn wá òyìnbó tí yóò bá wọn gba ọmọ tọ́, tí wọ́n ń sanwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n sì ń lọ wò wọ́n nígbà tí wọ́n bá ráyè. Wọn kò kórìíra ọmọ wọn. Ojú àgbàtọ́ bí a ti mọ̀ ọ́n nílé ni wọ́n fi wò ó, wọn kò sì mọ̀ pé lójú ọmọ, ilé òyìnbó náà ti di ilé. Ọkùnrin kan tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún sọ fún mi pé òun jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú méjì kan wọlé tí wọ́n ní àwọn ni àwọn bí òun, òun sì sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó ti wà ní Èkó, kò gbọ́ èdè, kò sì tún rí obìnrin tí ó ń pè ní mọ́mì mọ́. Kò sí ẹni tí ó lù ú, ebi kò sì pa á. Ohun tí ó ń béèrè títí di ọjọ́ tí a rí ara wa ni ìdí tí kò fi sí ẹni tí ó jẹ́ kí òun dágbére.

Àwọn ará ilé wa yóò ní ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Èmi náà gbà á gbọ́, mo sì rò pé ibẹ̀ ni ẹ̀rí Anna Freud ti kúrú. Inú ilé ìtọ́jú nígbà ogun ni ó ti kó púpọ̀ nínú ohun tí ó mọ̀ nípa ìpínyà jọ, níbi tí ọmọ ti bọ́ láti ọwọ́ ìyá kan ṣoṣo sí àárín àwọn tí kò mọ̀ rí. Kò wo agbo ilé níbi tí ọmọ ti ń jẹ lọ́wọ́ ìyá àgbà, tí àǹtí ń pọ̀n ọ́n, tí ìyá ń ti ọjà bọ̀ lálẹ́, tí gbogbo wọn sì wà níbẹ̀ láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ẹ̀yin, nígbà tí ẹ wà lọ́dọ̀ ìyá ìyá yín, ẹ kò bọ́ sọ́wọ́ àlejò. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú igba ojú náà dáadáa: ọmọ mọ èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀ nínú wọn. Ọmọ yín kò sì tíì mọ ojú ìyá yín, àfi lórí fóònù. Bí ó bá dé Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá àgbà ni ẹ̀yin yóò máa pè é, àlejò ni yóò jẹ́ lójú tirẹ̀, fún ìgbà díẹ̀ ó kéré tán.

Ìdí tèmi rèé. Mo gbé àkọ́bí mi fún ìyá mi ní Abẹ́òkúta nígbà tí ó pé oṣù mẹ́wàá, mo sì wá kàwé síbí. Ìyá mi tọ́ ọ dáadáa, ó tọ́ ọ ju bí èmi ìbá ti lè ṣe lọ ní ọdún wọ̀nyẹn. Nígbà tí ọmọ pé ọdún mẹ́rin mo padà lọ mú un, ọjọ́ márùn-ún péré ni mo sì lò, nítorí iṣẹ́. Màámi ni ó ń pe ìyá mi. Àǹtí Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń pè mí. Ní pápákọ̀ òfurufú, ó di ìró ìyá mi mú títí ìró náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tú lára rẹ̀, ìyá mi sì yíjú sẹ́yìn kí ọmọ má baà rí omijé òun. Fún bí ọdún kan, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ọmọ mi á lọ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé. Mo ti ka Patrick tán nígbà náà o, mo ti fi ṣe ìdánwò, n kò sì mọ̀ pé òun ni ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Ó ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí, a sì ti sọ ọ̀rọ̀ náà tán pátápátá. Kò bínú pé mo fi òun sílẹ̀. Ó ní èmi ni mo gba òun lọ́wọ́ ìyá òun.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń ro ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má ro ọjọ́ ìgbélọ nìkan. Ìpínyà méjì ni ẹ ń ṣètò fún un, èkejì sì le ju èkíní lọ bí ìyá yín bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Láti ọdún méjì sí márùn-ún jẹ́ ju ìdajì ayé tí ọmọ náà yóò ti gbé ní ọjọ́ tí ẹ bá lọ mú un. Bí ó bá jẹ́ èmi, n kò ní í gbé e lọ fún ọdún mẹ́ta gbáko. N ó kọ́kọ́ wò ó bóyá ilé-ẹ̀kọ́ lè jẹ́ kí n fi ọdún mìíràn kún un kí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ lè dín. N ó béèrè iye tí ìjọba ń ràn lọ́wọ́ nínú owó nọ́sìrì fún ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀ àti owó tí ó wà fún akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tí ó ní ọmọ. N ó sì wò ó bóyá ìyá mi lè wá kí wa fún oṣù díẹ̀ ní ìgbà tí ó le jù, bí òfin ìwé ìwọ̀lú bá gbà á. Nọ́sìrì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ibi, bí òṣìṣẹ́ kan pàtó bá wà tí ọmọ mọ̀ sí tirẹ̀ tí wọn kò sì ń pààrọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù. Àwọn ọ̀nà yìí lè má bọ́ sí i fún yín. N kò mọ àpò yín, n kò sì tíì rí ọmọ yín; àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n ń gba ìyípadà bí omi, àwọn kan wà tí bàtà tuntun lásán ń dà wọ́n lọ́kàn rú, ẹ̀yin ni ẹ mọ irú èyí tí tiyín jẹ́.

Bí ó bá wá di dandan, ẹ bá a lọ, kí ẹ sì dúró tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ọwọ́ ìyá yín máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín díẹ̀díẹ̀: oúnjẹ ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ìwẹ̀ ní èkejì, oorun ní ìkẹyìn. Aṣọ ìbora tí ó ń fà mọ́ra, ẹ má fọ̀ ọ́ kí ẹ tó lọ. Ẹ má ṣe jí sá lọ nígbà tí ó bá ń sùn, bí àwọn àgbà ilé tilẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni ó rọrùn jù. Àwọn àgbà ni ó rọrùn fún. Ẹ jẹ́ kí ó rí yín lọ, kí ó sunkún, kí ìyá yín sì gbé e mọ́ra láìsọ pé kí ó dákẹ́. Bí ẹ bá pè é lórí fídíò tí ó sì kọ̀ láti wojú yín, ẹ máa pe é bẹ́ẹ̀. Kí ó má ju oṣù mẹ́fà lọ kí ó tó tún fojú kàn yín. Ní ọjọ́ tí ẹ ó bá mú un padà, kí ìyá yín bá a wá bí ó bá ṣeé ṣe, tàbí kí ẹ̀yin tún lọ gbé níbẹ̀ pẹ̀lú wọn fún oṣù kan, kí ẹ sì jẹ́ kí ó máa pè é ní Màámi níwájú yín. Ìyẹn yóò dùn yín. Ó dùn mí nígbà tèmi, mo sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ pe ìyá yín lálẹ́ ọjọ́ kan tí ara tù ú, kí ẹ bi í léèrè pé lọ́jọ́ tí ó bá lọ ọjà, tàbí tí ó lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́, tàbí tí ara rẹ̀ kò yá, ta ni yóò gbé ọmọ náà. Bí ó bá dárúkọ ẹnìkan ṣoṣo, kí ẹ béèrè fún nọ́ńbà ẹni náà, kí ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìsinsìnyí. Bí ó bá ní “ṣé ènìyàn wọ́n nínú ilé yìí ni?”, ẹ kọ̀wé sí mi padà kí ẹ tó sanwó.